Ẹ́ńjìnnì Olongo Kú ní Ìṣẹ́jú Kẹrìnlélógún

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta

Mo jókòó kọ èyí kí n tó wẹ̀, kí n má baà gbàgbé ohunkóhun nínú rẹ̀.

Olongo, bàálù kékeré ẹ̀gbọ́n mi, gbéra ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú ọjọ́ mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Èmi dúró ní etí pápá pẹ̀lú aago àti ìwé. Ètò wa ni pé kí ó yí pápá po fún ogójì ìṣẹ́jú. Láti ìgbà tí ó ti kun Olongo ní ọ̀dà funfun, kò tíì fi í rin ìrìn gígùn kankan. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógún ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélógún ó dákẹ́.

Mo rí i tí ó tẹ imú bàálù náà sílẹ̀ kí eré rẹ̀ má baà kú. Kò gbìyànjú láti yí padà sí pápá. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Ó forí lé oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè tán lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Taya ọ̀tún kọ́ ebè, apá òsì gbálẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yí bírí lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn àgbẹ̀ méjì ti fa ẹ̀gbọ́n mi jáde kí n tó sáré débẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ lọ́nà méjì. Alága ẹgbẹ́ awakọ̀ bàálù wa fi mọ́tò dé lẹ́yìn mi. Kò wo ẹni tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gun orí ìjókòó, ó na ọwọ́ sí òkè apá bàálù, ó fẹ́ ṣí ìdérí táǹkì kí ó lè mọ̀ bóyá epo ló tán. Ìdérí náà kọ́kọ́ le mọ́ ọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì ṣí. Epo ju ìdajì lọ.

"Epo ò tán," ó wí. "Ta ló to ẹ́ńjìnnì yìí?"

Ó mọ̀ pé èmi ni. Ó fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ náà mọ̀ ni.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ilé ìwòsàn. Ibùsùn kẹta sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi ohun funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé ọmọ ìka, wọ́n sì fi okùn gbé e kọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Àbúrò, kí lo ṣe sí ẹ́ńjìnnì yẹn?"

"Ohun tí mo máa ń ṣe sí i ni, Ẹ̀gbọ́n."

Màmá wa dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, ẹnu ò ṣẹ́."

Mo bi í léèrè bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe kú. Ó ní agbára rẹ̀ ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bíi fìtílà tí epo rẹ̀ ń gbẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú sí i. Ìrora ló ń sọ̀rọ̀." Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni mo pa fún un.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lẹ́tà ẹgbẹ́ dé. Ìlà mẹ́fà. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin. Kí ó tó di ìgbà náà, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Mo lè yẹ Olongo wò bí Ọ̀gá Ayẹ̀wò bá wà níbẹ̀. Bí n kò bá lè fi ohun tó pa ẹ́ńjìnnì náà hàn, wọn yóò yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé àwọn tó lè fọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì, wọn yóò sì tú Olongo palẹ̀.

Orúkọ márùn-ún ló wà nínú ìwé náà. Ẹyọ obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí mo jáde ní pólì ni wọ́n tó kọ orúkọ mi sí i. Bàálù mẹ́fà ló ń gbéra ní pápá yẹn lórí ìbuwọ́lù mi, ti Alága wà lára wọn. Ọ̀kankan wọn kò kú lókè rí.

Mo ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, mo fi í sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Inú ń bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé òtítọ́ ni. Kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹtì, ogúnjọ́

Wọ́n ti fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Olongo wá sí ilé ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́. Mo fi ṣéènì so ìdí rẹ̀ mọ́ òpó, mo gbé apá òsì lé orí àgbá méjì. Ẹ́ńjìnnì kò fara pa. Abẹ̀bẹ̀ iwájú nìkan ló ṣẹ́, mo sì ti fi èyí tó wà nípamọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀gá Ayẹ̀wò dé pẹ̀lú àga alákàápọ̀ rẹ̀. Àgbà mẹkáníìkì ni, tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Kì í sọ̀rọ̀ kí ó tó jókòó.

Ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ ní fífà àkọ́kọ́.

"Ìyá Sípánà," Ọ̀gá Ayẹ̀wò pè mí bí ó ti máa ń ṣe, "òkú ẹ ti jí o."

"Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, Bàbá."

Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ máa ń jẹ́wọ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ohun tó fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Epo tún gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ń fi aṣọ sẹ́ gbogbo èyí tí mo bá rà.

Mo ti wo ìwọ̀nyí, mo sì ti fagi lé wọn. Omi nínú epo: kò sí. Asẹ́: ó mọ́. Pílọ́ọ̀gì: àwọ̀ wọn dára. Kabúrétọ̀: mo tú u dé ìsàlẹ̀, mo fọ̀ ọ́, n kò rí ìdọ̀tí tó tó orí abẹ́rẹ́. Wáyà iná: mo mì í nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná àti nígbà tí ó tutù. Kò sí páńpù tí mo lè dá lẹ́bi, torí pé epo Olongo fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀ láti inú táǹkì tó wà nínú apá.

Ohun tó kù nínú àtẹ àwọn ohun tó lè pa ẹ́ńjìnnì kò tó nǹkan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko, agbára rẹ̀ bákan náà bí ti ọjọ́ yẹn. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún mo gun àkàbà lẹ́yìn apá, mo ṣí táǹkì, mo ti ọ̀pá ìwọn bọ̀ ọ́, mo kọ iye epo tó kù, mo sì dé e padà. Ohun tí a kò bá wọ̀n, a kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní pólì nìyẹn. Ìwọ̀n mẹ́jọ. Epo ń lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Alága wá dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn méjì tó máa ń bá a rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kì í ṣe pé o gbàgbé nǹkan kan ni? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa ń gbàgbé nǹkan sórí iná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo dá a lóhùn. "Bí ẹ̀yin náà ṣe gbàgbé bíréèkì lọ́dún tó kọjá tí ẹ fi imú bàálù gbẹ́lẹ̀. Mo tún un ṣe, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní."

Àwọn méjì náà kò mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Ọ̀gá Ayẹ̀wò wúkọ́ sínú aṣọ ìnujú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé ilé ìkọ́ṣẹ́ ń jò sórí apá ọ̀tún. Mo fi táńpólì bò ó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá sí ilé mi. Ó ti gbé ọkọ rẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn lánàá. Ó ní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Olongo létí òun, kò sì jẹun dáadáa.

"Ẹni tó jẹ́ pé kò mọ ohun mìíràn ju bàálù lọ," ó wí. "Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ńkọ́, ojoojúmọ́ ló ń fi aṣọ nu epo lára ọ̀dà funfun yẹn. Mo ní ṣé èmi náà lè yá ọ̀dà kó o lè máa nù mí."

Mo rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ó lọ, mo tún àtẹ àwọn ohun tó lè pa ẹ́ńjìnnì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. N kò rí ohun tuntun nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Ogójì ìṣẹ́jú mìíràn. Ìwọ̀n mẹ́jọ mìíràn. Kò sí nǹkan kan.

Ọ̀gá Ayẹ̀wò ká àga rẹ̀. "Ó dà bí ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun ń wo òun. Jẹ́ kí ìyá yí ẹ̀yìn padà, wàá rí ohun tó máa ṣe."

"Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù, Bàbá."

"Mo lè kà."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

N kò lọ sí ilé ìkọ́ṣẹ́ láàárọ̀. Mo jókòó, mo ka ìwé yìí láti ojú ewé àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíràn. Mo dé ibi tí mo kọ pé ìdérí táǹkì le mọ́ Alága lọ́wọ́, tí ó sì mí kanlẹ̀.

Ìdérí táǹkì kò gbọdọ̀ mí. Èmi ni mo lu ihò sí àárín rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú dírìlì tó kéré jù nínú àpótí mi, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé rọ́pò epo tó ń jáde. Bí ihò náà bá wà, kò sí ohun tí yóò fa ìdérí mọ́lẹ̀. Bí ó bá dí, epo kò ní lè ṣàn dé ẹ́ńjìnnì mọ́.

Mo lọ. Mo ṣí ìdérí náà, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Lókè, ọ̀dà funfun, ó dán, ó tẹ́jú, kò sí àmì ihò. Nísàlẹ̀, pọ́tì tí àwọn akunmọ́tò fi ń dí ojú ibi tó ti tẹ̀. Ẹnì kan ti fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ojú àtẹ̀ka náà ṣì wà níbẹ̀.

N kò fọwọ́ kàn án. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Ayẹ̀wò.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Iye epo kan náà bí ti ọjọ́ yẹn. Ìdérí kan náà. A dé e, Ọ̀gá Ayẹ̀wò fi ọ̀dà pupa fa ìlà láti orí ìdérí dé ara táǹkì kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣí i. Mo gbé àkàbà jáde síta pátápátá, nítorí mo mọ ara mi.

Ìṣẹ́jú kẹtàlélógún, ó wúkọ́. Ìṣẹ́jú kẹrìnlélógún, ó kú.

Bàbá ṣí ìdérí náà. Ó le, ó fà, ó mí. Mo fa ẹ́ńjìnnì, ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló fi yàtọ̀.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," Bàbá wí, ó sì wo aago rẹ̀. "Rárá o. Eléyìí ò tó bẹ́ẹ̀."

Mo kọ ìyókù yìí nítorí pé ó yẹ kí n kọ ọ́. Ní ìgbà méjì tí mo fi ogójì ìṣẹ́jú dán an wò, èmi fúnra mi ni mo ń ṣí ìdérí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí mo ń fún táǹkì ní èémí, tí ariwo ẹ́ńjìnnì sì ń bo ìró rẹ̀. Ìṣọ́ra mi ló ń bo àṣírí náà. Èkejì: ohun mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé àyẹ̀wò tí mo ń fọwọ́ sí kí bàálù tó gbéra. Ihò ìdérí kò sí lára wọn. Mo gbà pé ohun tí mo bá ti fọwọ́ ara mi lu, kò sí ẹni tí yóò dí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí méjì. Màmá jókòó sí ìdí fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìdérí náà ti wà ní títì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ayẹ̀wò, nítorí náà àwòrán rẹ̀ ni mo gbé síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ta ló dí i?"

Ó wo àwòrán náà. Ó wo ògiri. "Epo ń ta jáde níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti yí, á ta sára ọ̀dà. Ó ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lára apá. Mo ní kí n dí i fúngbà díẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ihò kékeré bẹ́ẹ̀, Àbúrò."

"Ìgbà wo lẹ rántí pé ẹ dí i?"

Mo dúró. Mo mọ bí a ṣe ń dúró.

"Ọjọ́ kẹrin tí mo já bọ́, nílé ìwòsàn."

Ọjọ́ kẹrin yẹn ni lẹ́tà ẹgbẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Oṣù kan gbáko ni ó fi dùbúlẹ̀ tí ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá mi lẹ́jọ́, tí ó sì ń bi mí pé kí ni mo ṣe sí ẹ́ńjìnnì.

"Wọ́n á gba ìwé àṣẹ fífò mi," ó wí. "Wàá sọ fún wọn?"

"Tèmi ni ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà."

Màmá sọ̀rọ̀ láìyí ojú kúrò ní fèrèsé. "A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ọmú kan náà lẹ mu. Sọ fún wọn pé ọ̀dà ló dí i. Ọ̀dà ò lórúkọ."

"Màmá, ọ̀dà kì í dìde kun ara rẹ̀."

"Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má pa irọ́ láé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sì gbé e mì.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ohun tí n óò ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀. N óò gbé ẹ́ńjìnnì náà síwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ìdérí yẹn, n óò tan án, n óò sì jókòó. Yóò ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún láti fi sọ tẹnu rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, tí wọ́n bá wá bi mí pé ta ni, n óò dáhùn.

"Ọkọ mi, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ," ìyàwó rẹ̀ wí.

N kò jẹ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ojú ọjọ́ ṣú, òjò kò rọ̀. Ìgbìmọ̀ jẹ́ ẹni márùn-ún, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìkọ́ṣẹ́. Alága jókòó sí àárín. Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá, ó jókòó sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí orí àga.

"Ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́ sọ?" Alága bi mí.

"N kò ní ọ̀rọ̀, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo aago."

Mo tan ẹ́ńjìnnì ní agogo mẹ́wàá géérégé.

Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ borí ariwo yẹn. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Alága ń yán. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó na ọwọ́ sí mi pé ó tó. Ọ̀gá Ayẹ̀wò mi orí. Ní ogún, mo wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ẹ́ńjìnnì, kò wò mí. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ní ìṣẹ́jú kejìlélógún ó gbé ọ̀pá kan sókè. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó dìde lórí ẹsẹ̀ kan, ó fi ọ̀pá náà tọ́ka sí ìdérí, ó sì fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. Ó tún fọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kejì, kí ó lè yé wọn. Lẹ́yìn náà ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n pa á.

N kò pa á. Ó ku ìṣẹ́jú méjì, mo sì ti dúró fún ọjọ́ márùndínlógójì.

Ó wúkọ́. Ó kú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti wá jáde, ó ṣì ń pariwo bí ẹni tó ń bá ẹ́ńjìnnì jà: "Èmi ni mo dí i! Kò mọ̀ sí i!"

Alága gun àkàbà, ó ṣí ìdérí. Ó mí mọ́ ọn lọ́wọ́ bó ṣe mí ní oko àgbàdo. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí.

Ìdájọ́: wọ́n gba ìwé àṣẹ ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún kan. Orúkọ mi dúró. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìwé àyẹ̀wò mi kò pé, àti pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Alága ní kò pọn dandan. Mo ní ó pọn dandan. Wọ́n kọ ọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ilé ìkọ́ṣẹ́ láti agogo mẹ́jọ, lórí àpótí, sáńpépà lọ́wọ́. Ó ti ha ọ̀dà funfun kúrò lára apá ọ̀tún dé ìdajì. Mo sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé n óò tún Olongo kàn, ṣùgbọ́n kò ní ní ọ̀dà, òun ni yóò sì ha á, pẹ̀lú ọwọ́, láìlo ẹ̀rọ.

"Àbúrò, ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta o."

"Ẹ ní ọdún kan, Ẹ̀gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò tíì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbé omi fún un.

Màmá ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ òjò nìkan ni.

Alága gbé bàálù tirẹ̀ wá fún ìbuwọ́lù. Mo ka ìwé àyẹ̀wò fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan, níwájú àwọn méjì tó máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ìkejìlélọ́gbọ̀n, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kún un, mo tú ìdérí táǹkì rẹ̀, mo nù ún, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Ẹ gbé e sẹ́nu, sà. Kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó kó ẹ̀rẹ̀kẹ́ jọ, ó fẹ́ ẹ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sí òdìkejì.

Afẹ́fẹ́ kọjá. Mo fọwọ́ sí i.